Agolo Tuntun Nínú Ilé Ìdáná Ìyá Ètò

Ìyá Ètò ni gbogbo ojúlé mẹ́jọ tó wà ní àjà kejì ń pè é, tọmọdé tàgbà, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tí orúkọ náà bẹ̀rẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn mọ̀ ni pé bí èèyàn bá wọ yàrá rẹ̀ méjèèjì, tàbí ilé ìdáná kékeré tó wà lẹ́yìn wọn, tó sì gbé ife kan kúrò níbi tó wà, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ọ̀rẹ́ mi, ife yẹn ní àyè tirẹ̀ o." Kì í pariwo. Bí ẹni tó ń sọ fún èèyàn pé okùn bàtà rẹ̀ tú ló máa ń sọ ọ́.

"Ọjọ́ tí ikú bá dé," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ojúlé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, máa ń wí, "ìwọ yìí á ní kó kọ́kọ́ bọ́ bàtà, kó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí ẹ tó jọ máa lọ."

"Ṣé kó wá fi ẹrẹ̀ ba ilẹ̀ tí mo nù jẹ́ ni?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ètò yìí ti kúrò ní àwàdà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ojú Ìyá Ètò ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kú tán. Kì í ṣe pé ó ṣókùnkùn biribiri: ó ṣì mọ ibi tí fèrèsé wà, ó sì ń mọ̀ bí ẹnìkan bá kọjá níwájú ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìkùukùu ni gbogbo rẹ̀. Nínú ọmọ mẹ́ta tó bí, kò sí ọ̀kan tó mọ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì nìkan ló mọ̀, Ìyá Ètò sì ti mú kó búra pé kò ní sọ.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ń gbé ní ìlú mìíràn, ìrìn wákàtí mẹ́fà, nínú ilé tuntun tó ní yàrá márùn-ún. Láti ìgbà tó ti kọ́ ilé náà tán ló ti ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ọmọ rere ni. Bí wọ́n bá ní kí ó gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n, yóò gbé e. Ohun tó sì ń ba Ìyá Ètò lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ó rọrùn láti bá ọmọ burúkú jà. Tí ọmọ rere bá gbọ́ pé ìyá òun ò ríran mọ́, ẹnu wo lèèyàn fẹ́ fi sọ fún un pé kó fi òun sílẹ̀?

*

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Ètò nígbà tó fẹ́ Káfíńtà. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ohun tó bá fẹ́ sọ, igi ló fi ń sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kó wọ yàrá méjì yìí, ó ní kí ìyàwó òun dúró ti ògiri ilé ìdáná, kó na ọwọ́ síwájú, kó nà án sókè, kó nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí ìka rẹ̀ bá dé, á fi pẹ́ńsù fa ìlà síbẹ̀.

"Ṣé pósí lo fẹ́ kàn fún mi ni?" ni ìyàwó bi í.

"Pẹpẹ ni," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Mi ò fẹ́ kí o máa fi ìka ẹsẹ̀ dúró nítorí iyọ̀."

Pẹpẹ mẹ́ta ló kàn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bá apá obìnrin kan ṣoṣo mu láyé. Àlejò tó bá ga yóò forí gbá ti òkè. Èyí tó bá kúrú kò ní tó o. Ìyàwó Káfíńtà nìkan ló lè dúró sí ojú kan níwájú iná kí ọwọ́ rẹ̀ dé ibi gbogbo láì gbé ẹsẹ̀.

Ọdún méjìlá ni wọ́n jọ gbé. Igi òrùlé ló já lu Káfíńtà níbi iṣẹ́. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, èyí tó wá di nọ́ọ̀sì lẹ́yìn náà, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Àbíkẹ́yìn, obìnrin lòun náà, ṣì wà lẹ́nu ọmú.

Àwọn èèyàn bá opó náà wá iṣẹ́ níta, ó kọ̀ ọ́. Ó ní ọmọ òun kò ní ti ilé ìwé dé bá ilẹ̀kùn títì. Aṣọ lílọ̀ ló mú ṣe nínú yàrá: ṣẹ́ẹ̀tì àwọn akọ̀wé, ṣòkòtò àwọn olùkọ́, yúnífọ́ọ̀mù, aṣọ ìbora ilé ìwòsàn. Àyọ́nù eléèédú ló kọ́kọ́ lò, kó tó di pé ó rí oníná mànàmáná. Láàárọ̀, òórùn sítáàṣì gbígbóná á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ará ilé á mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ìgbà náà ni ètò bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ kan ni ó ní fún iṣẹ́. Ọwọ́ kejì, ti Àbíkẹ́yìn ni, torí ọmọ yẹn kò jẹ́ kí wọ́n gbé òun kalẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́ kò ráyè máa wá nǹkan kiri. Ó fún gbogbo ohun tó wà nílé ní àyè, ó sì sọ ọ́ di òfin fún àwọn ọmọ: ibi tí o bá ti mú un ni kí o dá a padà sí. Àkọ́bí gbé sísọ́ọ̀sì kúrò láyè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá rẹ̀ kò nà án. Ó ní kó dúró sí àyè sísọ́ọ̀sì náà títí sísọ́ọ̀sì yóò fi dé. Wákàtí kan àbọ̀ ló dúró lórí àga kékeré tó fẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù, tí ó ń ké sí àwọn àbúrò rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun wá a. Ọmọ yẹn dàgbà, ó gbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ wá ń fẹjọ́ sùn lórí fóònù: "Màámi, ọkọ mi tún ti bẹ̀rẹ̀ o. Ó ń to ṣíbí bí ẹni ń to sójà."

Nígbà tí Àkọ́bí pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ fi ilé ìwé sílẹ̀ kóun lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ó rò pé inú ìyá òun á dùn. Ìyá náà ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Igi ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi," ló wí. "Lọ mú ìwé rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Àkọ́bí wá di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wọn ilẹ̀.

Télọ̀ kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ wá fi ìfẹ́ lọ̀ ọ́ nígbà kan. Ó wọ bàtà tuntun wá, ó jókòó, ó sọ tẹnu rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Ìyá Ètò dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n kò sí àyè."

Télọ̀ wo yàrá náà yíká. "Àyè mà pọ̀ níbí."

"Ó pọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ kò sí èyí tí ò ní olówó nínú rẹ̀."

Télọ̀ fi bàtà tuntun rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ padà. Ẹ̀rín rẹ̀ ni Ìyá Oníbúrẹ́dì ń rín di òní.

Báyìí ni ogójì ọdún ó lé ṣe kọjá lórí tábìlì aṣọ lílọ̀. Kò sí ìròyìn ńlá nínú irú ayé bẹ́ẹ̀. Ọmọ ṣàìsàn, ó yá. Ọmọ yege, wọ́n ra bàtà. Òjò jò, wọ́n gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àárẹ̀ mú un lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí ọmọ kan dé láti ilé ìwé tó bá ilẹ̀kùn títì.

Ọdún tó pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé okùn ò wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Ó rò pé abẹ́rẹ́ ni. Nígbà tó fi àmì àyọ́nù pupa sí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì funfun ẹni ẹlẹ́ni, tí kò sì rí i títí tí olówó ṣẹ́ẹ̀tì fi figbe ta, ó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kọ́. Ó sọ fún gbogbo èèyàn pé apá ń dun òun, ó sì pa iṣẹ́ aṣọ lílọ̀ tì. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé rẹ̀ sórí: ìṣísẹ̀ mẹ́rin láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, mẹ́tàdínlógún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àtẹ̀gùn mọ́kànlá, ibi ìsinmi, mọ́kànlá míì. Ṣùgbọ́n ní ilé ìdáná, kò kọ́ nǹkan kan tuntun. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ibẹ̀ tipẹ́ kí ojú tó lọ.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló ká a mọ́. Ó dákẹ́ sẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ kan, kò kí i, ó ń wò ó. Ìyá Ètò kọjú sí i tààrà, ó ní, "Ta nìyẹn?"

"Kí ló ń ṣe ẹ́? O ò rí mi ni?"

Ìyá Ètò jókòó. Ó ní, "Má sọ fún wọn."

*

Ní oṣù tó kọjá, Ìyá Ètò yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Omi ni ẹnìkan dà síbẹ̀. Ẹni tó ríran pàápàá ìbá yọ̀. Ṣùgbọ́n ará ilé kan tẹ Àkọ́bí láago, Àkọ́bí sì tẹ ìyá rẹ̀ láago.

"Màámi, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí mo bá dé tí mo bá a pé ẹ ṣì ń dá gbogbo nǹkan ṣe fúnra yín, ó parí nìyẹn, mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n tí ò bá rí bẹ́ẹ̀…"

"Máa bọ̀, ọkọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Oúnjẹ lo máa bá lórí iná."

Kò bẹ̀rù. Nínú ilé ìdáná rẹ̀, kò sí ọmọ tó lè mú un.

Àbíkẹ́yìn ló kọ́kọ́ dé, ní ọjọ́rú, ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa to ọjà sórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, kó máa kọ orúkọ sára wọn. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti ń wá ohun tí yóò fún ìyá tó fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́ nítorí òun. Ìyá Ètò àti Ìyá Oníbúrẹ́dì rin ìrìn àjò ọjọ́ méjì lọ, láti kí ọ̀rẹ́ wọn kan tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ìyá kan di ìyá kejì lápá mú, ẹni tó bá rí wọn á rò pé ìfẹ́ lásán ni. Kí wọ́n tó dé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Àbíkẹ́yìn ti ṣe é.

Òórùn ọ̀dà tuntun ló kọ́kọ́ kí Ìyá Ètò. Ọmọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú, ó ń fò bí ọmọdé.

"Màámi, ẹ wọlé. Ẹ wò ó!"

Ìyá Ètò dúró láàárín ilé ìdáná rẹ̀. Ó na ọwọ́ síbi tí ìgò iyọ̀ rẹ̀ máa ń wà, ìgò kúkúrú tí ẹnu rẹ̀ ya. Ọwọ́ rẹ̀ ba agolo dídán kan, ó tutù. Ó sún ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: agolo míì, ìwọ̀n kan náà. Ó tún sún un: òmíràn.

"Mẹ́rìnlélógún ni," ni Àbíkẹ́yìn wí. "Ọ̀kan ò ju ọ̀kan lọ. Gbogbo ìgò jákujàku yẹn, mo ti dà wọ́n nù. Mo kọ orúkọ gàdàgbà sára gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá ṣáà ti mọ̀wé, kò lè ṣìnà."

Ìyá Oníbúrẹ́dì húkọ́ lẹ́yìn wọn bí ẹni tí eegun há sí lọ́fun.

"Ó mà dára o," ni Ìyá Ètò wí. Ó fọwọ́ pa agolo kan. "Ó mọ́ tónítóní. O ṣeun, ìyá mi. O ò ní rí ibi."

Àbíkẹ́yìn kò kúrò lójú kan. Ó ń retí. "Ṣé kò sí nǹkan míì tí ẹ rí?"

"Mo rí gbogbo ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló dára."

 Ọmọ náà ní, "Ó dáa, Màámi," ó sì lọ gbé báàgì. Ìyá Ètò gbọ́ ọ nínú ohùn yẹn pé nǹkan kan ti ṣẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí í ṣe.

"Sọ fún un pé o ò fẹ́ ẹ," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì sọ sí i létí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Kó dá a padà bó ṣe wà."

"Ọmọ tó fi ìsinmi ẹ̀ kun ògiri fún mi? Kí ni mo fẹ́ sọ pé ó fà á?"

"Òótọ́."

"Lọ sùn, jàre."

*

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí Àbíkẹ́yìn tó jí, Ìyá Ètò ti wà nídìí pẹpẹ. Ó ń ṣí agolo lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń mì í, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń gbóòórùn rẹ̀. Èyí tí imú ò bá dá mọ̀, ahọ́n á bá a dá a mọ̀. Ìrẹsì ń dún bí òjò. Ẹ̀wà ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́. Tíì kò fi ara rẹ̀ pa mọ́. Ó fi ahọ́n kan ìyẹ̀fun, ó fi kan sítáàṣì, ó fi kan ṣúgà, ó sì fi kan ọṣẹ ìfọṣọ, ìyẹn ló sì mú kó máa tutọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tó ń fi gbogbo ẹnu bú ọjọ́ tí wọ́n dá agolo sílẹ̀. Nígbà tó rí iyọ̀ níkẹyìn, ó gbé ṣíbí lé e lórí kó má baà tún sọnù. Ó so okùn mọ́ agolo ata. Ó yí ìdérí ìrẹsì sódì.

Ó gbé ìrẹsì kaná, ó gbé ọbẹ̀ ẹran kaná. Àbíkẹ́yìn yọjú.

"Ẹ jẹ́ n bá yín gé àlùbọ́sà."

"Lọ jókòó. Àlejò ni ẹ́ lónìí."

Nínú iṣẹ́ náà, èjìká rẹ̀ fara kan nǹkan kan lára ògiri, lápá ọ̀tún iná. Ó dán, ó tutù bíi gíláàsì, ó ní igi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Dígí ni, ló rò nínú ara rẹ̀. Kí lèmi fẹ́ fi dígí ṣe nílé ìdáná? Ṣùgbọ́n igun rẹ̀ wúlò. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ kọ́ síbẹ̀ kó lè tètè máa rí i mú.

Àkọ́bí àti Nọ́ọ̀sì wọlé pọ̀ ní nǹkan bí aago kan. Ìyá wọn mọ ẹsẹ̀ wọn láti orí àtẹ̀gùn. Ó pe olúkúlùkù kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn. Ó bu oúnjẹ fún wọn. Ó gbé abọ́ mẹ́rin dé orí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ kò jó, ọbẹ̀ kò dà sílẹ̀. Wọ́n jẹ. 

"Màámi," ni Àkọ́bí wí, ó fẹ̀yìn ti àga, "ọwọ́ yín ò tíì yí padà."

"Kí ló fẹ́ yí i?"

"Mo ti rò ó pé mo máa bá nǹkan míì." Ó rẹ́rìn-ín, ìtura wà nínú ẹ̀rín náà. "Ó dáa. Mo ti ṣèlérí, mo sì máa mú un ṣẹ."

 Ìyá Ètò ń gbọ́ ọkàn ara rẹ̀ bó ṣe ń rọlẹ̀. Àbíkẹ́yìn ti kó abọ́ lọ sẹ́yìn. Nígbà tó padà wá, kò jókòó.

"Màámi, kí ni Bàámi ṣe fún yín?"

Gbogbo wọn yíjú.

"Kí lo wí?" ni Nọ́ọ̀sì bi í.

"Ẹ má bi mí, Àǹtí. Màámi ni mò ń bi. Oṣù mẹ́fà ni mo fi wá fọ́tò yẹn. Ọmọ ọ̀gá Bàámi ló bá mi tú ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ̀ wò, fọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò rí rí nínú ilé yìí. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá, mo fi férémù sí i, mo gbé e kọ́ síbi tí ẹ á ti máa rí i tí ẹ bá ń dáná. Láti àná ni mo ti ń retí kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan péré." Ó nawọ́ sí ilé ìdáná. "Ẹ ò sọ nǹkan kan. Ẹ wá fi aṣọ ìnuwọ́ bò ó lójú."

 Irọ́ kan wà tó lè gba Ìyá Ètò là, ó sì ti dé orí ahọ́n rẹ̀: *Ó ń dùn mí láti rí i ni.* Ọmọ wo ni kò ní gba ìyẹn gbọ́? Àbíkẹ́yìn á sunkún, á sì bẹ̀ ẹ́. Àkọ́bí á padà sílé. Ilé á kù fún un. Ó ti pa irọ́ fún ọdún mẹ́ta, kò sì sí èyí tó wúwo nínú wọn. Ṣùgbọ́n èyí, Káfíńtà ni yóò rù ú. Yóò sọ ọ́ di ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ rí mọ́.

"Bàbá yín?" ló wí. "Bàbá yín ló wà lára ògiri yẹn?"

Ó yí ojú síhà ilé ìdáná.

"Mo ti fi wákàtí méjì dúró tì í," ni Ìyá Ètò wí, bíi pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Mo rò pé dígí ni." Ó na ọwọ́ síhà ibi tí ohùn ọmọ rẹ̀ ti wá. "Wá bá mi sọ bó ṣe rí. Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín?"

Àbíkẹ́yìn ló kọ́kọ́ yé. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Nínú ẹkún náà ló ti ń sọ ọ́: pé ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká apá rẹ̀, pé pẹ́ńsù wà létí rẹ̀, pé kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó jọ pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni.

"Òun gan-an nìyẹn," ni Ìyá Ètò wí.

Ìbínú ni Nọ́ọ̀sì fi ṣe tirẹ̀. Ó ti tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ojú ìyá rẹ̀, ó ń tì í lórí síwá sẹ́yìn. "Èmi! Èmi nọ́ọ̀sì! Ojú ìyá oníyàá ni mò ń wò láti àárọ̀ dalẹ́! Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Màámi? Ọdún mélòó? Bóyá wọn ì bá ti rí nǹkan ṣe sí i!"

"Bóyá," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ìyẹn ni mo jẹ̀bi. Mi ò jiyàn."

Ìyá Oníbúrẹ́dì ti gbọ́ ariwo, ó ti wọlé. Àkọ́bí kọjú sí i. "Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀?"

"Mo mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún lẹ̀yin ń wá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ lèmi ń wá. Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀?"

Àkọ́bí gba ọ̀rọ̀ náà. Ó dìde, ó rìn dé ojú fèrèsé, ó padà. "Ó ti parí nìyẹn. Mi ò lè fi yín sílẹ̀ síbí. Ẹ jẹ́ ká di ẹrù."

"Ọkọ mi, jókòó."

"Màámi, iná ni ẹ ń dá! Ẹ ò ríran, iná sì ni ẹ ń dá!"

"Jókòó." Ó jókòó. "Ilé rẹ dára. Yàrá márùn-ún. Mo wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún méjì sẹ́yìn, ṣé o rántí? Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí, mi ò kúrò lórí àga. Ẹsẹ̀ kọ́. Mi ò mọ ibi tí nǹkan kan wà ni. Ìyàwó rẹ ń gbé omi fún mi, ó ń gbé oúnjẹ fún mi, ó ń mú mi lọ́wọ́ lọ ilé ìgbẹ́. Ọmọ dáadáa ni, Ọlọ́run á bá mi bù kún un. Àmọ́ ojoojúmọ́ tí mo lò níbẹ̀, afọ́jú ni mí. Níbí, ojú mi ló lọ. Èmi ò tíì lọ."

"Ẹ wo àárọ̀ yìí nìkan…"

"Àárọ̀ yìí, nínú agolo tí mi ò mọ̀ rí, mo se oúnjẹ tí o pọ́nnu lá. Kó o tó dá mi lẹ́jọ́, dá ilé ìdáná mi padà bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà kó o dúró kó o wò mí."

Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ dá a padà. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó rántí bó ṣe wà. Ìyá wọn ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń pàṣẹ. Àbíkẹ́yìn sáré lọ tú àwọn ìgò àtijọ́ jáde nínú àpótí ìdọ̀tí tó wà nísàlẹ̀. Ọlọ́run ṣe é, wọn ò tíì wá kó o. Nọ́ọ̀sì fọ̀ wọ́n, ó nù wọ́n. Àkọ́bí, àgbà ọkùnrin tó ti ń hu ewú, kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ bàbá rẹ̀, ó ń to nǹkan.

"Iyọ̀, ìka mẹ́rin sí ògiri. Kì í ṣe ìka tìrẹ, ìka tèmi. Sún un sọ́hùn-ún díẹ̀. Ata wà lẹ́yìn rẹ̀, ìgò tó ga. Ọṣẹ ìfọṣọ lọ sísàlẹ̀ pátápátá, kí n má tún gbọ́ ìró ẹ̀ mọ́."

Láìmọ̀, Àkọ́bí ti yọ téèpù ìwọnlẹ̀ jáde nínú àpò rẹ̀. Ó wọn láti ibi tí èjìká ìyá rẹ̀ máa ń wà tó bá dúró dé pẹpẹ òkè, ó wọn èyí tó wà láàárín, ó wọn ti ìsàlẹ̀. Ó tún wọ̀n wọ́n. Ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀: gígùn apá kan. Ó ti wọ ilé ìdáná yìí fún ọgọ́ta ọdún ó dín díẹ̀, kò sì mọ̀ rí. Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ náà.

"Ṣé o sùn síbẹ̀ ni?" ni Ìyá Ètò bi í.

"Rárá, Màámi."

"Yàgò fún mi."

Wọ́n gbé fọ́tò náà lọ sí yàrá, torí èéfín á bà á jẹ́. Ìyá Ètò dìde, ó gba àárín wọn kọjá, ó dúró sí ojú kan ṣoṣo náà. Ó tan sítóòfù. Ó gbé omi tíì kaná. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yà sọ́tùn-ún, kò wá nǹkan kan, kò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Àkọ́bí dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà ń ro ó. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ na ife sí i. Ife náà kún, kò sì dà.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ máa bá Nọ́ọ̀sì lọ rí dókítà ojú," ni Àkọ́bí wí. "Ìyẹn ò ní ìjiyàn."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ò sì ní fi nǹkan kan pa mọ́ fún wa mọ́."

"Mo gbọ́."

Ó mu tíì díẹ̀. Kò tíì sọ pé ó gbà, kò sì mẹ́nu kan ẹrù dídì mọ́. Ó ń wo iná sítóòfù náà bó ṣe ń jó, ojú rẹ̀ le.

"Iná yìí ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀," ló wí níkẹyìn. "Wọ́n ń ta èyí tó ń lo mànàmáná, tó ń pa ara ẹ̀ tí èèyàn bá gbàgbé. Mo lè gbé e wá lóṣù tó ń bọ̀." Ó wo ògiri yíká. "Níbo ni ẹ máa fẹ́ kó wà?"

Ìyá Ètò ti lóye ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ. Kò jẹ́ kó hàn lójú. Ó gbé ọwọ́ lé ògiri, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó ṣófo lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń ronú, wọ́n sì ń dúró dè é.

"Kọ́kọ́ gbé e wá ná," ló wí. "Mo gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe tóbi tó."